Orúkọ Inú Ìwé Mọ́tò

Wúràọlá ló fọ mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀. Ó nu gíláàsì iwájú, ó nu tẹ̀yìn, ó fi èékánná ha ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti gbẹ mọ́ orí rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó ṣáà fẹ́ kí mọ́tò náà kúrò lójú òun ni.

Ọkọ rẹ̀, Ògúndàmọ́lá Fágbénró, jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà. Gbígbọ́ ló kù fún un, nítorí awọ funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ọdún mọ́kànlá ló fi Kórólà yẹn ná Ayédé sí Òyè, kó tó di ọjọ́ tó kọlu ewúrẹ́ lójú ọ̀nà Ìsàn, tó sì ń búra pé òun ò rí i, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ ọ̀hún funfun bí òwú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó.

Ẹ má rò pé àìní ló mú kí Wúràọlá fẹ́ kí wọ́n tà á. Owú ni. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọkùnrin yìí á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, á wa mọ́tò náà lọ sí Iye. Ọjọ́ méjì gbáko ni yóò lò. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, obìnrin kan ṣoṣo tí ìyá wọn bí, ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì títí tó fi fẹ̀yìn tì. Bí ó bá padà dé, ara rẹ̀ á máa dán. Á gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ dání, á ní òun ti yó. Wúràọlá á gbé oúnjẹ tirẹ̀ padà sí ilé ìdáná, á dúró, á máa wo abọ́ àjèjì yẹn. Èwo ni kí èèyàn lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sì máa súfèé bọ̀ wálé?

Kò bi í rí. Ó máa ń bẹ̀rù ìdáhùn ju ìbéèrè lọ.

Ọbáfẹ́mi, tíṣà kan láti Ààyè, ló fẹ́ ra mọ́tò náà. Ó yí i ká, ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja wo abẹ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ ẹ. Wọ́n dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ wọ̀. Ó wá ní kí wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá.

Ibẹ̀ ni Ògúndàmọ́lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní ìwé wà, kí Ọbáfẹ́mi padà wá ní ọ̀túnla. Nígbà tó di ọ̀túnla, ó ní òun ò rí i mọ́, bóyá eku ló jẹ ẹ́. Wúràọlá, tó ń gbá ilé yẹn láràárọ̀, mọ̀ pé eku kì í jẹ ìwé kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù sílẹ̀. Ó ti yọjú wo inú àpótí kékeré iwájú mọ́tò, èyí tí ọkọ rẹ̀ máa ń tì pa nígbà tó ṣì ń wà á. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi bébà bisikíìtì.

Ọbáfẹ́mi ò bínú. Ó ṣàlàyé bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kejì. Ó ní bí òun bá ra mọ́tò tí kò níwèé, ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tí òun bá pàdé ni yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Ó ní kò le ṣáá, kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò ní Ìkọ̀lé, kí wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà ara rẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á rí orúkọ ẹni tó ni ín. Ẹni náà á fi tó ọlọ́pàá létí, á lọ búra ní kóòtù pé ìwé òun sọnù, wọ́n á sì ṣe òmíràn fún un.

“Kò sẹ́ni tó ń lọ sí Ìkọ̀lé kankan,” ni Ògúndàmọ́lá wí. “Ìwé ò lẹ́sẹ̀. Á jáde fúnra rẹ̀.”

Ohùn rẹ̀ gbóná ju bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lọ. Ọbáfẹ́mi wo ilẹ̀. Wúràọlá ò wo ilẹ̀ ní tirẹ̀, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ọkùnrin tó ní ẹni tó bá fẹ́ kó wọ́ mọ́tò náà lọ lánàá, kí ló ń bà á lẹ́rù ní Ìkọ̀lé lónìí? Nǹkan kan dì sí i láyà bí ẹ̀bà tútù.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun ń lọ ra iyọ̀ àti ẹja ní Òyè. Ìkọ̀lé ló lọ. Ó ti da nọ́ńbà ara mọ́tò kọ sẹ́yìn àpò ìwé ìdáwó ṣọ́ọ̀ṣì, ní ẹyọ ẹyọ, ó sì padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun ò ṣì í kọ. Kíláàsì mẹ́rin ló kà kí bàbá rẹ̀ tó ní ó tó. Lẹ́tà ò sá fún un, ṣùgbọ́n wọn kì í yára wá bá a.

Ọmọbìnrin kan ló bá nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Wúràọlá ní ọkọ òun ló rán òun. Ó na àpò ìdáwó náà sí i kó rí nọ́ńbà. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀yin ni Rẹ̀mílẹ́kún?”

“Ta ni?”

“Fágbénró Rẹ̀mílẹ́kún. Òun ló ni mọ́tò. Obìnrin ni wọ́n kọ síbí. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, màmá, àfi kó fúnra rẹ̀ wá.”

Wúràọlá ní òun kọ́. Ó ní kí ó jọ̀wọ́ bá òun kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú takisí tó gbé e padà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé orúkọ náà lẹ́yìn àpò ìdáwó, títí tí kò fi nílò kí ó wò ó mọ́ kó tó rí i.

Ó ka àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀. Wọn ò pọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin ilé, ẹyọ kan náà ni, ẹni tó wà ní Iye. Àṣàkẹ́ ni ìyá ọkọ rẹ̀ máa ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Sístà ni Ògúndàmọ́lá ń pè é, Màmá Iye ni Tiwátọ́pẹ́ ọmọ wọn ń pè é. Òun fúnra rẹ̀, Eyínmẹ́nugún ló fi ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti fa òun wọlé, torí ìyàwó wo ló ń la ẹnu pe ọmọ ilé lórúkọ? Lẹ́yìn wọn ó ku òun, Wúràọlá. Ó parí. Kò sí Rẹ̀mílẹ́kún níbì kankan. Obìnrin tí kò sí nílé tó tún ń jẹ́ Fágbénró, ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà jẹ́ ẹ. Ọkọ ló fún un.

Wọ́n ní obìnrin òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Láàárín ọjọ́ méjì, Wúràọlá gbẹ. Ó gún iyán, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó jókòó síbi tó ti lè rí ẹnu rẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó ń wo ohun tó ń rín. Bí ó bá mí kanlẹ̀, ó ń ronú ẹni tó mí kanlẹ̀ sí. Ó gbọ́ òórùn ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ sí Iye, èyí tó ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá, òórùn káńfọ̀ nìkan ni, síbẹ̀ ó rò pé òun gbọ́ òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Mọ́tò tí òun ń nù fún ọdún mọ́kànlá! Àga iwájú tí òun ń gbọn eruku rẹ̀, ta ló ti jókòó síbẹ̀? Nígbà tí wọ́n ń ra mọ́tò fún obìnrin kan, òun ń ru àgbàdo láti oko Ààyè lórí.

Ó fẹ́ bi í. Lẹ́ẹ̀mẹta ló ṣí ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Wúràọlá. Ilé bàbá rẹ̀ ní Ìtàpá ti wó, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ẹni tí kò níbi tó ń lọ kì í béèrè ọ̀nà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọgbọ́n kan sọ sí i nínú. Ẹjọ́ ọkọ, ọ̀dọ̀ ọmọ ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Òun ò fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, ìyẹn ò fara sin fún Ọlọ́run. Iṣu tó kọ́kọ́ ta lóko, Iye ló ń lọ. Òróró tó mọ́ jù, Iye náà ni. Obìnrin náà sì ní ojú kan tó fi máa ń wo ọwọ́ èèyàn bí ẹni pé ó ń wá ìdọ̀tí lábẹ́ èékánná. Ṣùgbọ́n lónìí, òun nìkan ló lè pe Ògúndàmọ́lá kó kúnlẹ̀. Wúràọlá gun ọ̀kadà.

Ó bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí nínú àwo. Obìnrin náà gbé ojú sókè, ojú ọ̀hún lọ tààrà sí ọwọ́ rẹ̀, kí ó tó wá sí ojú.

“Ta ló kú?”

“Ẹnikẹ́ni ò kú, ọkọ mi. Ẹ kú ulé o.”

“Ọdún méjìlélógún, ẹ̀ẹ̀mẹta lo wá sọ́dọ̀ mi. Méjì nínú rẹ̀, òkú ló gbé ọ wá. Jókòó. Tún ìborùn rẹ ṣe, o dà bí ẹni tí wọ́n lé.”

Wúràọlá ò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún tó ti ń dì fún ọjọ́ mẹ́ta sì tú. Ó ní ọkọ òun ti fẹ́ obìnrin mìíràn. Ó ní kì í ṣe àná, kì í ṣe ìjẹta, ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Ó ní mọ́tò tí gbogbo Ayédé ń pè ní mọ́tò Ògúndàmọ́lá, ti obìnrin náà ni, orúkọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ ìjọba ní Ìkọ̀lé, òun ti débẹ̀, òun ti gbọ́ ọ létí ara òun.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀gúsí. “Kí ni obìnrin náà ń jẹ́?”

“Rẹ̀mílẹ́kún.”

“Ta?”

“Rẹ̀mílẹ́kún, ọkọ mi. Rẹ̀mílẹ́kún Fágbénró, aláìnítìjú tó ń fi orúkọ olórúkọ ṣe fújà. Ẹkún tí wọ́n ní kó rẹ̀ òun yẹn, yóò sun ún. Àgbàyà. Mo mọ irú wọn, àwọn tí kò lè gbé ilé ọkọ tiwọn, tí wọ́n á máa fi ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ fa ọkọ ọlọ́kọ. Ẹ jẹ́ kí n rí Rẹ̀mílẹ́kún yẹn lójúkojú, ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí i.”

Obìnrin náà gbé àwo ẹ̀gúsí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

“Tún un pè.”

“Rẹ̀mílẹ́kún,” ni Wúràọlá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, torí ó ti ń ṣọ́ ojú yẹn, ó sì ti rí nǹkan kan níbẹ̀.

“Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ wí. “Ní ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò fẹ́ orúkọ náà, bàbá mi ló fi sínú ìwé. Bí kì í bá ṣe èébú tó o fi sí i, ǹ bá ní mo tún gbọ́ ohùn mátírọ́ọ̀nù wa.”

Kò sí ibi tí Wúràọlá lè sá sí. Ó na gbalaja. Ó fi iwájú orí kan ilẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí tí iyẹ̀pẹ̀ fi wọ ẹnu rẹ̀. Ní ilé Fágbénró, ìyàwó tó bá ṣèèṣì pe ọmọ ilé lórúkọ, àkùkọ ni yóò fi tánràn. Èyí tó pè é tó tún bú u, kò tíì sí irú rẹ̀ rí, àwọn àgbà ò fi ẹran kankan sí i.

“Dìde. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ta ni yóò jẹ àkùkọ márùn-ún nínú ulé yìí?” Kò rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. “Àgbàyà náà ńkọ́?”

“Ẹ má bínú, ọkọ mi.”

“Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò nílé ọkọ. O mọ̀ ọ́n. Ohun tó o ní lọ́kàn lo sọ.”

Ó wọlé. Wúràọlá gbọ́ tí ó ń ṣí àpótí. Nígbà tó jáde, ó mú ọ̀rá dúdú kan dání tí wọ́n fi rọ́bà dì, gbogbo ìwé mọ́tò náà ló wà nínú rẹ̀, láti ọdún tí wọ́n ti rà á. Ó ní òun ló fi owó iṣẹ́ òru òun rà á, nígbà tí ẹni tó ni takisí tí Ògúndàmọ́lá ń wà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sí ohun tí yóò gbé wálé fún ìyàwó àti ọmọ. Ojú ń ti Ògúndàmọ́lá láti wí pé obìnrin ló ra mọ́tò fún òun. Ó ní kí àwọn jọ pa ẹnu mọ́, òun náà sì gbà. Ọdọọdún ló ń gbé àwọn ìwé náà wá kí òun tún wọn ṣe. Ìgbà tó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó, ó fi gbogbo rẹ̀ rán ẹnìkan sí òun, kí ojú má baà rí i.

Wúràọlá gbọ́ ọ. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò sí orogún. Ọkọ òun ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dì ní àyà rẹ̀ ò yọ́, ńṣe ló yí ẹ̀gbẹ́ padà. Iyọ̀, epo, owó ilé ìwé Tiwátọ́pẹ́, aṣọ àjọ̀dún, gbogbo èyí tó rò pé ọkọ òun ló ń bọ́ òun, ọwọ́ obìnrin tó ń wo èékánná yìí ló ti ń jẹ ẹ́. Ọdún mọ́kànlá. Àwọn méjèèjì sì jọ mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì jókòó níhìn-ín, wọ́n ń jẹ ẹran ìgbẹ́, wọ́n jọ ní àṣírí kan tí òun ò sí nínú rẹ̀. Kí ni orogún tún ń ṣe tó ju èyí lọ?

“Kí ló dé tí ẹ ò kúkú kọ ọ́ sí orúkọ wọn?” Ó yà á lẹ́nu pé òun ló béèrè.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ń tú rọ́bà ara ọ̀rá náà.

“Bí mo bá kọ ọ́ sí orúkọ rẹ̀, kí ni yóò máa wá ṣe níbí? Ìwé yìí ló ń mú un wá. Ọjọ́ méjì lọ́dún. Ìwọ lo ni ìyókù.”

Wọ́n wo ara wọn. Wúràọlá mọ ojú yẹn nísinsìnyí. Gbogbo ọdún tó fi rò pé ìdọ̀tí ló ń wá lọ́wọ́ òun, òrùka ló ń wò.

Wúràọlá sọ fún un pé Ọbáfẹ́mi, tíṣà kan, fẹ́ ra mọ́tò náà, ìwé rẹ̀ ló kù. Obìnrin náà mú bírò. Ó kọ ọ́ sí bébà pé òun, Rẹ̀mílẹ́kún Fágbénró, ta mọ́tò òun fún Ọbáfẹ́mi láti Ààyè-Èkìtì. Ó buwọ́ lù ú, ó fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ sí i. Ó fi rọ́bà dì í padà, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e fún un.

“Mọ́tò ti lọ, ó ti lọ. Wí fún un kí ó wá lọ́jọ́ Sátidé. Kí ó gun ọ̀kadà, màá san án níbí. Mo fẹ́ wo ojú yẹn fúnra mi. Kí ó mú aṣọ ìsùn dání. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, ọkọ mi.”

“Jẹ́ kí ó gbọ́ ọ.”

Ó gbé ọ̀rá náà lé e lọ́wọ́.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí Wúràọlá padà dé Ayédé. Ó gbé ọ̀rá náà lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ògúndàmọ́lá fi ìka tọ́ ọ wò, ó kan rọ́bà, ó kan ibi tí ọ̀rá ti ya, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ọrùn rẹ̀ rọ̀ bí ti adìẹ tí òjò pa.

“O lọ sí Iye.”

“Mo lọ.”

“Ìyá Tiwá, mo fẹ́ sọ fún ọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Kí ni Sístà wí?”

Wúràọlá ń bọ́ ìborùn rẹ̀. Ó ká a sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin.

“Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan ni, Bàbá Tiwá.”

Ọbáfẹ́mi gbé mọ́tò lọ ní ọjọ́bọ̀. Ó ka ìwé náà lójú ewé lójú ewé, ó ní gbogbo rẹ̀ pé, ó dúpẹ́. Wúràọlá dúró lábẹ́ igi ọsàn, ó ń wo ibi tí epo ti ro sílẹ̀, ó ń retí kí inú òun dùn.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí fóònù ọkọ rẹ̀ dún lórí tábìlì. Òun ló ń bá a wò ó báyìí, torí ojú rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó nu ọwọ́, ó gbé e. Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Iye. Kò tilẹ̀ nílò kí ó sípẹ́lì rẹ̀.

“Ta ni?” Ògúndàmọ́lá béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n tún fẹ́ ta orin fún yín.”

Ó pòṣé, ó ní kí ó jọ̀wọ́ wọn. Fóònù náà dákẹ́. Kò pẹ́ tó tún dún. Wúràọlá gbé e wọ ilé ìdáná, ó tì í bọ inú àpò gàrí, ó sì dúró tì í, ó ń ṣọ́ ọ, títí tó fi dákẹ́.